Ilẹ̀kùn Ìjọba Lórí Ayélujára: Ta Ni A Ṣe É Fún?

Orí-ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lè ya àwọn kan lẹ́nu. Wọ́n lè bi mí pé kí ni ó kan onímọ̀ èdè nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, nígbà tí àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ kò tíì sọ pé ó rẹ àwọn. Èsì mi kò gùn. Nígbà tí ìjọba bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí orí ayélujára, ohun tí ará ìlú ń bá pàdé níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rọ; ọ̀rọ̀ ni. Ìbéèrè ni, àṣẹ ni, ìkìlọ̀ ni, àlàfo tí a ní kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sí ni. Akọ̀wé tí ó máa ń jókòó sẹ́yìn tábìlì, tí ènìyàn lè bẹ̀, tí ó lè bi pé, ‘Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni èyí túmọ̀ sí?’, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ nìkan ni ó kù. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá yé ènìyàn, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ, ó yẹ kí n ṣe àlàyé ohun tí mo ní lọ́kàn nípa ìrọ̀rùn. N kò sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀ tí ó ń tàn yanran tàbí àwòrán mínísítà tí ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lójú-ewé àkọ́kọ́. (Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ pọ̀ lójú òpó ìjọba wa, n kò tíì rí ẹni tí ó wọ ibẹ̀ lọ nítorí kí ó lè rí mínísítà.) Ohun tí mo ń pè ní ìrọ̀rùn ni pé kí ẹni tí ó ní ohun kan láti gbà lọ́wọ́ ìjọba, tàbí tí ó ní owó kan láti san fún un, lè ṣe é parí fúnra rẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ó bá gbìyànjú, láìjẹ́ pé ó ní láti háyà ẹnikẹ́ni. Òṣùwọ̀n yìí le. Ọ̀pọ̀ ojú òpó ni kò lè dúró níwájú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ṣì ń jà, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé kí gbogbo ẹni tí ó ní síìmù so ó mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí NIN. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n kọ́kọ́ fún ará ìlú. Èrò ya lọ sí àwọn ọ́fíìsì tí a ti ń gba nọ́ńbà náà, àwọn ènìyàn ń sùn sí ìdí ìlà, a sì ń ti ara ẹni ní àkókò tí wọ́n ní kí a máa jìnnà síra. Ìjọba sún ọjọ́ náà síwájú léraléra. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, wọ́n dí ọ̀nà ìpè lórí àwọn síìmù tí a kò tíì so. Ìyá tí ó wà ní Ìṣẹ́yìn kò lè pe ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn. Alágbàtà kò lè pe oníbàárà rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ti gba nọ́ńbà náà tipẹ́, wọ́n sì rò pé àwọn ti so ó. Orúkọ tí ó wà lórí síìmù ni kò bá ti inú ìwé mu. N óò padà sórí ọ̀rọ̀ orúkọ yìí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ èdè ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ojú òpó ìjọba ti rọrùn tó kò gbọdọ̀ lọ bi àwọn tí ó kọ́ ọ. Káfè ni kí ó lọ. Mo ti jókòó nírú ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kì í sì í ṣe ìwádìí ni mo bá lọ. Ìwé tèmi náà ni mo lọ ṣe. Ohun tí mo máa ń rí ni pé àwọn tí ó mọ̀wé dáadáa, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, nọ́ọ̀sì, oníṣòwò tí ń fi orí lásán ṣírò ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà, ni wọ́n ń fi fóònù wọn lé ọmọkùnrin tí kò tíì pé ogún ọdún lọ́wọ́ pé kí ó bá àwọn ṣe é. Ọmọ náà a bi wọ́n ní ọjọ́ ìbí, orúkọ ìdílé ìyá wọn, nọ́ńbà ìwé báńkì wọn. Gbogbo ẹni tí ó tò sẹ́yìn ń gbọ́. Bí ojú òpó bá béèrè ímeèlì, tí oníbàárà kò sì ní, ọmọ náà a fi tirẹ̀ sí i kí iṣẹ́ lè yá. Bí ọdún méjì bá kọjá, tí oníbàárà tún fẹ́ wọ ibẹ̀, ímeèlì ọmọ tí ó ti kó kúrò ní àdúgbò ni ìjọba yóò fi kóòdù ránṣẹ́ sí. N kò bá ọmọ náà wí. Bí kò bá sí i, ọ̀pọ̀ kì bá tí rí ohunkóhun gbà. Ṣùgbọ́n ìjọba tí ó kan ilẹ̀kùn, tí ó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni à ń sanwó fún kí ó tó ṣí, kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Bìrìtéènì

Àpẹẹrẹ tí ó kún jù lọ tí mo mọ̀ nípa ìjọba tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ tún irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kàn ni ti Bìrìtéènì. Ní ọdún 2010, Martha Lane Fox kọ lẹ́tà kan sí Francis Maude, mínísítà tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí lẹ́tà náà sọ ni pé àtúnṣe díẹ̀díẹ̀ kò lè tó mọ́. Kí a pa ojú òpó ìjọba pọ̀ sí ibì kan ṣoṣo, kí a sì yan àwọn tí yóò máa ṣojú fún ẹni tí ń lò ó, tí wọn yóò ní àṣẹ lórí ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba ń gbé jáde. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ àṣẹ yìí. Kì í ṣe ìmọ̀ràn. Ní ọdún 2011 ni wọ́n dá ẹ̀ka tí ń jẹ́ Government Digital Service sílẹ̀, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 2012, ojú òpó tuntun, GOV.UK, rọ́pò Directgov àti Business Link. Lẹ́yìn náà ni ojú òpó àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba ń wọlé sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òfin mẹ́wàá ni wọ́n ṣe fún ara wọn ní ọdún 2012. Èyí àkọ́kọ́ ni ó bí gbogbo àwọn yòókù: ohun tí ẹni tí ń lò ó nílò ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ohun tí ìjọba nílò. Létí, ọ̀rọ̀ yìí dà bí ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú òpó ìjọba èyíkéyìí tí ẹ bá mọ̀, ẹ ó rí i pé bí a ti pín àwọn ẹ̀ka inú ilé-iṣẹ́ náà ni a ṣe pín ojú-ewé rẹ̀: ìtàn ilé-iṣẹ́, ọ̀gá àgbà, ẹ̀ka ìṣúná, ẹ̀ka ètò. Ẹni tí ó fẹ́ tún páásípọ́ọ̀tù ṣe ní láti kọ́kọ́ mọ bí ìjọba ṣe pín iṣẹ́ láàárín ara rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí àlejò dé ilé, tí a ní kí ó kọ́kọ́ ka ìtàn ìdílé kí a tó fún un lómi.

Ojú-ewé kan wà ní GOV.UK tí mo fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ, èyí tí ó wà fún ọjọ́ ìsinmi ìjọba. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àwọn ènìyàn máa ń mú wá síbẹ̀: ọjọ́ wo ni ìsinmi tí ó kàn? Wọ́n fi ọjọ́ náà síwájú, wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́, wọ́n tò àwọn yòókù sísàlẹ̀. Ó parí. Ẹni tí ó bá ti kọ ìwé ìjọba rí yóò mọ̀ pé kì í ṣe kíkọ ni iṣẹ́ ibẹ̀; yíyọ kúrò ni. Ta ni ó fún akọ̀wé náà láàyè láti yọ ìpínrọ̀ tí ó ń sọ òfin tí ó dá ìsinmi sílẹ̀ kúrò?

Irú yíyọ kúrò bẹ́ẹ̀ tún wà nínú fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ fún àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn nílé, Carer’s Allowance. Nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ sórí ayélujára, wọn kò kàn da ìwé náà kọ. Wọ́n mú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, wọ́n bi ara wọn pé kí ni a fẹ́ fi ìdáhùn yìí ṣe? Ìbéèrè 170 ni wọ́n yọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ń kún fọ́ọ̀mù yẹn ni ẹni tí ó ti tọ́jú aláìsàn láti òwúrọ̀, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wákàtí kan jókòó lálẹ́. Mo máa ń ronú nípa àwọn fọ́ọ̀mù tiwa, tí a ti ń béèrè ẹ̀sìn ẹni, ìpínlẹ̀ tí bàbá ẹni ti wá, àti iye ọmọ ẹni, nígbà tí ohun tí ènìyàn wá gbà kò kan ọ̀kankan nínú wọn. Ìbéèrè tí kò ní iṣẹ́ kì í ṣe ohun kékeré. Ibi tí ọwọ́ ẹlòmíràn ti rẹ̀ nìyẹn, tí ó sì fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ ohun tí yóò yé ènìyàn náà kò ní awo nínú. Wọn a pe ẹnì kan tí kò mọ nǹkankan nípa iṣẹ́ náà, wọn a gbé ojú-ewé síwájú rẹ̀, wọn a ní kí ó ṣe ohun tí ó wá ṣe, wọn a sì panu mọ́. Pípanumọ́ yìí ni ó ṣòro jù. Nígbà tí ẹni náà bá dúró sí ibì kan, tí ó ń fọwọ́ họ orí, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí wa lọ́kàn ni pé kí a ràn án lọ́wọ́. Bí a bá ràn án lọ́wọ́, a ti ba ẹ̀rí jẹ́, nítorí ẹni tí ó wà nílé lálẹ́ kò ní rí ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́.

Lẹ́tà tí a fi kọ GOV.UK pàápàá ní ìtàn. Jock Kinneir àti Margaret Calvert ni ó ṣe àwọn àmì ojú ọ̀nà ilẹ̀ Bìrìtéènì láàárín ọdún 1957 sí 1967. Wọ́n kọ̀ láti fi lẹ́tà ńlá nìkan kọ orúkọ ìlú, nítorí awakọ̀ tí ń sáré kì í ka lẹ́tà lẹ́yọ lẹ́yọ. Ìrísí odidi ọ̀rọ̀ ni ojú rẹ̀ ń gbá mú. Lẹ́tà yẹn ni a tún ṣe fún ojú òpó náà. Ní ọdún 2013, ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà Design Museum ní Lọ́ńdọ̀nù fún GOV.UK ní ẹ̀bùn iṣẹ́ ọnà tí ó dára jù lọ ní ọdún náà. Inú mi dùn pé ohun tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan lè gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé Párádísè ni ibẹ̀. Àwọn kan náà ni ó ṣe GOV.UK Verify, èyí tí ará ìlú yóò máa fi fi ara rẹ̀ hàn fún gbogbo ilé-iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n retí pé mílíọ̀nù 25 ènìyàn ni yóò máa lò ó ní ọdún 2020. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tí ń yẹ ìwé ìnáwó ìjọba wò gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2019, mílíọ̀nù 3.6 ni wọ́n, àti pé nínú 100 ẹni tí ó bá gbìyànjú, 48 ni ẹ̀rọ náà dá mọ̀. Wọ́n ti pa á tì ní ọdún 2023. Ẹni tí kò ní ìtàn gbèsè ní báńkì, tí kò sì ní páásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé àṣẹ ìwakọ̀, kò ní ohun tí ẹ̀rọ náà lè fi mọ̀ ọ́n. Tálákà, ọ̀dọ́, àti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú ni ọ̀rọ̀ náà sì bá jù.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà lọ́hùn-ún ti rí irú rẹ̀ ní àìpẹ́ yìí. Ọjọ́ tí ó wà lórí ọ̀pọ̀ káàdì ìgbélùú tí wọ́n ń mú kiri parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìjọba sì ní kí wọ́n ṣí àkáǹtì lórí ayélujára dípò rẹ̀. Káàdì ṣeé fà yọ nínú àpò. Àkáǹtì ń fẹ́ fóònù tí iná wà nínú rẹ̀, ó ń fẹ́ ímeèlì tí a kò tíì gbàgbé, ó sì ń fẹ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí ó mọ bí a ti ń yẹ̀ ẹ́ wò ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. Ìjọba náà rí i pé ọ̀rọ̀ lè dàrú, wọ́n sì gbà fún ìgbà díẹ̀ kí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú máa gba káàdì tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá.

Ti Amẹ́ríkà kò ní gba àkókò wa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2013 ni wọ́n ṣí HealthCare.gov, tí ará ìlú yóò ti máa ra ìdánilójú ìtọ́jú ìlera. Títí ọjọ́ náà fi parí, ènìyàn 6 ni ó lè forúkọ sílẹ̀ parí. Ẹrù pọ̀ fún ẹ̀rọ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú ohun tí ó fa ẹrù náà ni pé wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn ṣí àkáǹtì kí wọ́n tó lè rí iye owó. Ọlọ́jà wo ni yóò ní kí ènìyàn búra kí ó tó sọ iye tí ó ń ta ata? Lẹ́yìn tí wọ́n kó àwọn oníṣẹ́ tuntun wọ ibẹ̀, tí wọ́n tún un ṣe, mílíọ̀nù 8 ènìyàn ni ó ti forúkọ sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà nígbà tí ó fi di oṣù Kẹrin ọdún 2014.

Orúkọ àti àlàfo

Mo wá dé ibi tí ó kan àwa gan-an. Fọ́ọ̀mù ìjọba máa ń ní àlàfo mẹ́ta fún orúkọ: ti ìdílé, ti àkọ́kọ́, àti ti àárín. Èrò tí ó wà lẹ́yìn àlàfo mẹ́ta yìí ni pé bí wọ́n ti ń sọ ọmọ lórúkọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ ọ́ níbi gbogbo. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n sọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ lè gba orúkọ mẹ́wàá láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìyá, àti àwọn òbí àgbà. Ó lè ní orúkọ àmútọ̀runwá, orúkọ àbísọ, àti oríkì. Èwo ni ti àkọ́kọ́? Èyí tí bàbá pè ni ilé-ẹ̀kọ́ kọ, èyí tí ìyá àgbà pè ni báńkì kọ, ti ìjọ ni ó wà lórí ìwé ìgbéyàwó. Kò sí irọ́ nínú ọ̀kankan wọn. Nígbà tí ẹ̀rọ bá wá kó wọn pọ̀, yóò ní àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ẹnì kan náà, ẹni náà yóò sì máa lọ búra ní kóòtù pé òun ni òun.

Àmì tí a ń fi kọ èdè wa náà tún wà níbẹ̀. Láti ìgbà ìpàdé lórí àkọtọ́ tí wọ́n ṣe ní Èkó ní ọdún 1875 ni a ti fẹnu kò lórí àmì abẹ́ lẹ́tà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ṣì ń kọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ bí Ọbáfẹ́mi. Lójú wa, lẹ́tà 7 ni. Ìlànà Unicode, tí àwọn kọ̀ǹpútà òde òní ń tẹ̀ lé, ní nọ́ńbà kan fún ọ àti ẹ alámì abẹ́, ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tí ó ní àmì abẹ́ àti àmì ohùn pa pọ̀. A ní láti fi méjì kọ ọ́. Nítorí náà, orúkọ lẹ́tà 7 di 8 nínú ẹ̀rọ. Bí bọ́tìnnì tí ènìyàn tẹ̀ bá sì ń ya gbogbo àmì sọ́tọ̀ lára lẹ́tà, yóò di 11. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni 8 àti 11. Lójú ẹ̀rọ tí a kò kọ́ bí a ti ń mú wọn dọ́gba, ènìyàn méjì ni wọ́n. Ọ̀nà tí a fi ń mú wọn dọ́gba wà nínú ìlànà náà tipẹ́tipẹ́. Ẹni tí ó kọ fọ́ọ̀mù ni kò lò ó.

Páásípọ́ọ̀tù náà ní tirẹ̀. Nísàlẹ̀ ojú-ewé tí àwòrán wà, ìlà méjì kan wà tí ẹ̀rọ ń kà. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà àgbáyé, àyè 39 ni ó wà fún gbogbo orúkọ ẹni, lẹ́tà A sí Z nìkan ni ó sì ń gbà. Ẹ jẹ́ kí a fi orúkọ tí mo dá sílẹ̀ fúnra mi ṣe àpẹẹrẹ: Adégbóyèga Olúwafúnmiláyọ̀ Olúwadámiláre. Bí a bá ka àwọn àmì tí a fi ń ya orúkọ sọ́tọ̀ mọ́ ọn, àyè 40 ni yóò gbà. Lẹ́tà kan yóò já. Ojú òpó tí ó bá ní kí ènìyàn kọ orúkọ rẹ̀ ‘gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú páásípọ́ọ̀tù’ ní láti sọ èyí tí ó ń tọ́ka sí, ti òkè tí ènìyàn ń kà, tàbí ti ìsàlẹ̀ tí ẹ̀rọ ń kà.

Àwọn tí ó kọ ìlànà GOV.UK ti ronú kan ọ̀rọ̀ yìí. Ìmọ̀ràn wọn ni pé níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, kí fọ́ọ̀mù ní àlàfo kan ṣoṣo fún orúkọ, nítorí kì í ṣe gbogbo ayé ni orúkọ wọn ń pín sí ti àkọ́kọ́ àti ti ìdílé. Ó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún mi pé ará Lọ́ńdọ̀nù ni yóò kọ́kọ́ fi èyí sínú ìwé. Ní tèmi o, n óò fi ohun méjì kún un. Kí ẹ̀rọ gba orúkọ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí ó tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó sì máa yọ àmì náà nígbà tí ó bá ń fi ìwé kan wé òmíràn nìkan. Èkejì ni pé bí nǹkan kò bá bára mu, kí ó sọ ohun tí kò bára mu. ‘Àṣìṣe wà nínú ohun tí ẹ kọ’ kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. ‘Orúkọ tí ẹ kọ síbí ní lẹ́tà kan ju èyí tí ó wà lọ́dọ̀ wa lọ’ yóò dá ènìyàn dúró ní ìrìn-àjò ọjọ́ mẹ́ta.

A kò gbọdọ̀ rò pé gbogbo ohun tí ìjọba wa ṣe ni kò dára. Ẹni tí ó bá gbàgbé nọ́ńbà NIN rẹ̀ lè tẹ *346# lórí síìmù tí ó fi forúkọ sílẹ̀, kí ó sì rí i. Kò nílò dátà, kò nílò fóònù olówó ńlá. Bákan náà ni JAMB ti ní kí ọmọ tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò kọ NIN, kí ó fi àlàfo kan sí i, kí ó kọ nọ́ńbà náà, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí 55019, èyí sì jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Àwọn tí ó gbé irú ètò yìí kalẹ̀ ti wo ohun tí ó wà lọ́wọ́ ará ìlú kí wọ́n tó pinnu. Lójú tèmi, kóòdù kúkúrú tí ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù kékeré sàn ju ojú òpó aláràbarà tí kò lè ṣí ní Ìgbọ́họ lọ.

Èdè wo, ohùn wo?

Abala 55 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò máa lò, àti Haúsá, Ìgbò, àti Yorùbá nígbà tí ètò bá ti wà fún un. Ètò ni à ń retí láti ìgbà náà. Ẹ fi wé ti Wales. Ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé nǹkan bí 538,000 ènìyàn ni ó ń sọ èdè ilẹ̀ náà níbẹ̀. Síbẹ̀, láti ìgbà òfin ọdún 1993 ni ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣiṣẹ́ fún wọn ti ní láti ka èdè wọn sí, ọ̀pọ̀ ojú-ewé GOV.UK ni ó sì wà ní èdè náà. Àwọn tí ń sọ Yorùbá ju wọ́n lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Ṣùgbọ́n n kò ní fẹ́ kí a kàn gbé fọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì fún ògbufọ̀. Mo mọ ohun tí yóò ti ibẹ̀ jáde: ‘Olùbéèrè gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ìgbésẹ̀ ìfìdí-òdodo-múlẹ̀ ti parí kí ìfisílẹ̀ tó wáyé.’ Yorùbá ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí ó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń sọ kò ju èyí lọ: ‘A ti fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sí fóònù yín. Ẹ kọ ọ́ síbí. Lẹ́yìn náà ni ẹ tó lè fi fọ́ọ̀mù yìí ránṣẹ́.’ Àwa onímọ̀ èdè pẹ̀lú ní láti ṣọ́ ara wa. A máa ń fẹ́ jókòó sí yàrá kí a ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun tí ó gùn bí okùn, nígbà tí ará ọjà ti ní ‘dátà’, ‘kóòdù’ àti ‘síìmù’ lẹ́nu. Ní inú ìwé ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí a ṣẹ̀dá. Lórí fọ́ọ̀mù tí ènìyàn fẹ́ fi gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó mọ̀ ni kí a lò.

Àmì ohùn kò ṣeé fi ṣeré níbẹ̀ náà. Mo ti sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n ronú nípa fọ́ọ̀mù tí ó béèrè ‘Nomba oko’ láìsí àmì kankan. Obìnrin kan yóò kọ nọ́ńbà fóònù ọkọ rẹ̀ síbẹ̀. Awakọ̀ yóò kọ ti ọkọ̀ rẹ̀. Àgbẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí ka iye oko tí ó ní, tàbí iye ọkọ́ tí ó fi ń ro wọ́n.

Ohun kan kù tí n kò tíì rí ìlànà ìlú òkèèrè tí ó lè yanjú rẹ̀ fún wa. Ṣé ‘o’ ni fọ́ọ̀mù yóò máa pe ará ìlú ni, tàbí ‘ẹ’? Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìṣòro yìí. Mo ti gbọ́ àwọn tí ó ní kí a lo ‘o’, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lo ayélujára jẹ́ ọ̀dọ́, àti pé ‘ẹ’ lè mú kí ẹnì kan rò pé ènìyàn púpọ̀ ni a ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn ní kí a fi ‘olùbéèrè’ bọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, kí a má pe ẹnikẹ́ni ní nǹkankan; ọ̀nà yẹn ni ó bí gbólóhùn tí mo kà fún yín lẹ́ẹ̀kan. N kò bá wọn lọ. Ọ̀dọ́ tí a pè ní ‘ẹ’ kò ní bínú. Ìyá ẹni àádọ́rin ọdún tí ẹ̀rọ bá sọ fún pé ‘Kọ orúkọ rẹ’ yóò gbọ́ ohùn ọmọdé tí kò ní ẹ̀kọ́, bí ẹ̀rọ náà bá sì tún ní àṣìṣe wà nínú ohun tí ó kọ, yóò gbé fóònù náà fún ọmọ káfè. Bí iyèméjì bá wà nípa iye ènìyàn, ‘ẹ̀yin fúnra yín’ àti ‘ẹ̀yin àti ìdílé yín’ wà nínú èdè wa láti fi yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ̀ka wa lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdánwò yìí ní sáà ẹ̀kọ́ tí ń bọ̀, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ni kí a mú, ti ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun ni n óò kọ́kọ́ yàn, kí a kọ ọ́ ní Yorùbá lọ́nà méjì, ọ̀kan pẹ̀lú ‘o’, èkejì pẹ̀lú ‘ẹ’. Kí a pe ìyálọ́mọ, bàbá àgbà, àti ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ wá láti ìlú, kì í ṣe láti inú ọgbà yìí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó ti ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé àti bírò, kí ó kọ ibi tí ẹni náà ti dúró, iye ìgbà tí ó padà sẹ́yìn, àti ohun tí ó sọ jáde lẹ́nu. Kí akẹ́kọ̀ọ́ náà má sì ràn án lọ́wọ́.